Abẹ́rẹ́ ìyá wà nínú iṣẹ́ Faith Ringgold

Ibi yòówù tí mo bá ti ka ìtàn Faith Ringgold, bákan náà ni wọ́n ń sọ ọ́: ayàwòrán ni, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kun kánfáàsì, nígbà tó yá ló wá fi abẹ́rẹ́ àti òwú kún ọ̀dà. Èmi tí mo ń fi aṣọ rírán jẹun níbí ní Brooklyn kò lè gbà bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ ló ṣáájú búrọ́ọ̀ṣì nínú ilé yẹn, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló sì wà.

Willi Posey ni orúkọ ìyá náà. Tẹ́lọ̀ ni ní Harlem, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní New York, kì í sì í ṣe tẹ́lọ̀ tí wọ́n kàn ń gbé ṣòkòtò fún kó bá wọn gé e kúrú. Madame Willi Posey ni wọ́n ń pè é, òun fúnra rẹ̀ ló ń ya àrà aṣọ tó ń rán, ó sì máa ń pe àwọn ará àdúgbò jọ kí wọ́n wá wo àwọn ọmọge tó wọ̀ ọ́. October 8, 1930 ló bí Faith. Asthma ń yọ ọmọ náà lẹ́nu, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò lè lọ sí ilé ìwé, ìyá á wá kó ègé aṣọ, abẹ́rẹ́ àti kíréyọ́nù fún un kó máa fi ṣeré lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ jẹ́ ká rántí ìyẹn nígbà tí wọ́n bá ń sọ fún wa pé ilé ìwé gíga ló sọ ọ́ di oníṣẹ́ ọnà.

Willi náà kò ti ojú àlá kọ́ ọ. Susie Shannon tó jẹ́ ìyá ńlá wọn, ẹrú ni, ó sì ń rán quilt. Betsy Bingham, ìyá àgbà Willi, máa ń se àpò ìyẹ̀fun nínú omi gbígbóná, á bó o títí á fi funfun nini, kó lè fi ṣe inú quilt. Fún ẹni tí kò bá mọ quilt: ègé aṣọ oríṣiríṣi ni wọ́n ń rán mọ́ra wọn fi ṣe ojú rẹ̀, wọ́n á tẹ́ òwú sí àárín, wọ́n á fi aṣọ mìíràn ṣe ẹ̀yìn, wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já pọ̀ kí wọ́n má bàa yẹ̀ lórí ara wọn. Aṣọ ìbora òtútù ni. Ẹni tó bá ti wo ẹ̀kù egúngún dáadáa, bí ègé ṣe ń gun ègé, á tètè rí i lójú inú.

Faith fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọnà ní City College, àmọ́ nígbà náà, ọ̀nà kan ṣoṣo tí obìnrin lè gbà wọlé síbẹ̀ fún un ni kó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ó gba ẹ̀yìnkùlé yẹn wọlé, ó jáde ní 1955, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní New York títí di 1973. Láàárín ìgbà yẹn ló kun àwọn àwòrán tó sọ ọ́ di olókìkí lónìí. Die, tó yà ní 1967, fi òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú hàn nínú ẹ̀jẹ̀ ní ìgboro. Ní 2016 ni Museum of Modern Art ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, ní 2019 wọ́n gbé e kọ́ sítòsí iṣẹ́ Picasso, ayàwòrán òyìnbó tó gbajúmọ̀. Nǹkan bí àádọ́ta ọdún ló fi dúró.

Irú ìfojúfò bẹ́ẹ̀ ló mú kó jà. Ní 1970, òun àti àwọn obìnrin mìíràn lọ sí Whitney Museum, wọ́n ń fun fèrè, wọ́n ń gbé ẹyin kalẹ̀ káàkiri ilẹ̀, wọ́n ní ìdajì àwọn tí wọ́n máa pàtẹ iṣẹ́ wọn níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ obìnrin. Ọmọ rẹ̀ Michele Wallace wà lára àwọn tí wọ́n jọ ń pariwo pé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ jókòó sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn ló kun àwòrán ńlá kan fún ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn obìnrin ní Rikers Island. Ó kọ́kọ́ bi àwọn ẹlẹ́wọ̀n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ rí, ọ̀kan sọ pé kó ya ọ̀nà gígùn kan tó jáde kúrò níbẹ̀ fún òun. Ó ya obìnrin tó ń wa bọ́ọ̀sì, dókítà obìnrin, ààrẹ obìnrin. Nígbà tí ibẹ̀ di ti ọkùnrin, wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún mọ́lẹ̀. Wọ́n padà tún un ṣe.

Àmọ́ ibi tí mo ń lọ ni 1972. Faith wà ní Amsterdam, ó rí thangka àwọn ará Tíbẹ̀tì nínú Rijksmuseum: àwòrán tí wọ́n fi aṣọ ṣe etí rẹ̀, tí kò ní férémù onígi, tó ṣe é ká. Bó ṣe délé, ta ló gbé e lọ bá? Ìyá rẹ̀ ni. Willi Posey ló rán etí aṣọ sí àwọn iṣẹ́ tó tẹ̀lé e. Nígbà tí Faith bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìbòjú (mask) tó wo ti ilẹ̀ Áfíríkà ṣe ní 1973, ìyá náà ló rán aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún wọn. Àwọn kan ka èyí sí ìrànlọ́wọ́. Bí mo bá rán ojú aṣọ, tí ẹnìkejì rán inú, tí ó kọ etí, tí ó sì jẹ́ kó jókòó dáadáa lára ẹni tó wọ̀ ọ́, àwa méjèèjì la rán aṣọ yẹn, a ó sì jọ pín owó rẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí àwọn ọ̀mọ̀wé kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹnu mọ́. Kánfáàsì tí wọ́n kàn mọ́ igi wúwo, ó fẹ̀, kò ṣe é gbé sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Faith á máa retí ọkọ rẹ̀ Burdette kó wá bá a gbé e. Aṣọ ní tirẹ̀, ká a, dì í sínú àpótí, fi ránṣẹ́ sí ilé ìwé gíga tó fẹ́ pàtẹ rẹ̀, ó parí. Obìnrin tó bá ní ọmọ nílé tó tún ń lọ ṣiṣẹ́ olùkọ́ mọ iye tí ìyẹn tó. Nígbà tí wọ́n bá kọ ọ́ sára ògiri pé ó "padà sí àṣà àwọn ìyá rẹ̀", òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó padà síbẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n ẹni tó mọ ohun tó ń wá.

Ní 1980, ìyá àti ọmọ jókòó ti quilt àkọ́kọ́ wọn, Echoes of Harlem. Faith kun ojú ènìyàn ọgbọ̀n sí i, Willi Posey bá a rán an. Mo fẹ́ràn àwọn ojú yẹn ju Die lọ, mi ò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni kí n tó sọ ọ́. Kò sí ẹni tó ń pariwo láàárín wọn. Àwọn ará àdúgbò ni, bí wọ́n ṣe ń wò wá.

1981 ni Willi Posey kú.

Ọmọ rẹ̀ kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà náà, kò sí ilé ìtẹ̀wé tó fẹ́ tẹ ìtàn ayé rẹ̀ jáde, ìwé náà kò jáde àfi ní 1995. Ó wá ń kọ ìtàn sára aṣọ. Ẹni tó bá fẹ́ wo àwòrán, yóò ka ìtàn. Who's Afraid of Aunt Jemima? ni àkọ́kọ́, ní 1983. Aunt Jemima ni obìnrin dúdú tí wọ́n máa ń yà sára páálí ìyẹ̀fun pancake nígbà kan rí bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí inú rẹ̀ ń dùn; Faith sọ ọ́ di oníṣòwò oúnjẹ tó dá dúró. Nínú Tar Beach, ti 1988, ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tó ń jẹ́ Cassie dùbúlẹ̀ sórí òrùlé ní Harlem, ó sì fò kọjá lórí afárá George Washington Bridge. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́ afárá náà, àmọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò gbà á nítorí àwọ̀ rẹ̀. Cassie ní òun á fò kọjá lórí ilé ẹgbẹ́ náà kó lè di ti bàbá òun. Ó di ìwé àwọn ọmọdé ní 1991. Àwọn ọmọ tí mo bí ti fa tiwa ya tán.

Mo lọ wo àwọn iṣẹ́ rẹ̀ ní New Museum ní 2022, mo sì tẹ̀ mọ́ wọn láti wo ojú abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ti gún abẹ́rẹ́ sínú kánfáàsì tí ọ̀dà ti gbẹ lórí rẹ̀ mọ̀ pé ìka a máa bó. Nínú Dancing at the Louvre, Willia Marie àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú àwọn ọmọ mẹ́ta wá, wọ́n ń jó níwájú Mona Lisa, àwòrán olókìkí tó wà nínú Louvre, mùsíọ̀mù ńlá ní Paris. Ní 1961, Willi Posey, Faith àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì rìnrìn àjò lọ sí Paris. Mi ò rò pé ó ṣèèṣì pé Willia ló sọ obìnrin inú àwòrán náà. Nínú The Sunflowers Quilting Bee at Arles, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó lókìkí ní Amẹ́ríkà, Harriet Tubman, Rosa Parks, Sojourner Truth, Madam C. J. Walker àti àwọn mìíràn jọ na quilt kan sáàárín, Van Gogh, ayàwòrán òyìnbó, dúró sẹ́yìn wọn pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì wo ẹ̀yìn.

Faith kú ní April 13, 2024, ní ẹni ọdún 93. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní New York, ẹ wọ ọkọ̀ ojúrin 2 tàbí 3 lọ sí ibùdókọ̀ 125th Street. Àwọn ará Harlem tí Faith fi ègé gíláàsì wẹ́wẹ́ tò sára ògiri láti 1996 ń fò níbẹ̀, owó ọkọ̀ nìkan lẹ ó san. Bí ẹ bá sì rí iṣẹ́ aṣọ rẹ̀ tó ti wà ṣáájú 1981, ní mùsíọ̀mù yòówù, ẹ ka pátákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ orúkọ Willi Posey síbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ bi wọ́n.