Ẹ wọn ìbalẹ̀ yín kí ẹ tó sanwó: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí mo fẹ́ kúrò nídìí FlightGear

Mo ra simulator bàlúù kan tí wọ́n ń tà, owó ti jáde lápò mi, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi FlightGear, simulator bàlúù ọ̀fẹ́ orí kọ̀ǹpútà, fò, ẹ mọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó rí fídíò ẹlòmíràn: òjò ṣú dẹ̀dẹ̀ lókè, òrùlé páànù Agége ń kọjá lábẹ́ ìyẹ́ bàlúù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó wá padà sídìí tiyín, níbi tí Agége ti jẹ́ pápá tútù tí wọ́n to ilé mélòó kan sí. Ọkàn á ní kí ẹ sanwó. Kò sí ohun tó burú nínú sísanwó. Ohun tó burú ni kí ẹ sanwó láìtíì wọn ẹ̀rọ yín níbi tó ti le jù, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 200 tó kẹ́yìn kí táyà tó kan ilẹ̀.

Ibi tó ti bàjẹ́ rèé. Nínú simulator tí mo rà, Boeing 737 ni, ó ń bọ̀ wá balẹ̀ ní Ìkẹjà, runway (ojú ọ̀nà ìbalẹ̀) 18R, èyí tó gùn tó mítà 3,900. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ìkùukùu wà lókè, iná ìlú ti ń tàn. Ní ẹsẹ̀ bàtà 3,000, frame (àwòrán tí kọ̀ǹpútà ń yà) 28 ló ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń lọ geere. Nígbà tó di 1,000, ó ti wálẹ̀ sí 21. Bí ilé Ìkẹjà àti pápákọ̀ òfurufú náà ṣe wọ ojú kọ̀ǹpútà tán, ní ẹsẹ̀ bàtà 200, ó já sí 12.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bàlúù tó ń sáré ní knot 140 ń rin mítà 72 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí frame bá jẹ́ 12, mítà 6 ló ń fò kọjá láàárín àwòrán kan sí èkejì. Ó ń sọ̀kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 700 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà kan fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ẹ fa joystick sẹ́yìn, àwòrán méjì tàbí mẹ́ta á ti kọjá kí ojú yín tó rí i pé imú gbéra. Nígbà tí ẹ ò tíì rí i, ọwọ́ á tún fà á sí i. Ìgbà yẹn gan-an ni fífà àkọ́kọ́ á wá dé, èkejì á gùn ún lẹ́yìn, imú á fò sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ ó tì í sílẹ̀, ìyẹn náà á tún pẹ́ kó tó dé. Bàlúù á lu ilẹ̀, á ta sókè, á tún lu ilẹ̀.

Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń bá ọwọ́ mi wí, mo rò pé mi ò mọ bàlúù í bà mọ́. Ọwọ́ kọ́. Láti bí ẹsẹ̀ bàtà 20 tí èèyàn ti ń gbé imú 737 sókè títí táyà fi kan ilẹ̀, bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré ni. Ẹni tó ní frame 12 ní àwòrán 60 láti fi ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó ní frame 30 ní àwòrán 150. Ìyàtọ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Ẹwà ìkùukùu ní ẹsẹ̀ bàtà 30,000 ò lè san án padà fún yín.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ti gbígba owó padà. Ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo ti rà á ní òfin wákàtí 2: bí ẹ bá ti lò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ti rà á nìyẹn. Ṣùgbọ́n inú simulator náà gan-an ni dáńlóòdù rẹ̀ ti ń wáyé, wọ́n sì ń ka àkókò dáńlóòdù mọ́ àkókò ìlò. Íntánẹ́ẹ̀tì ilé mi ò lè gbé GB tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní wákàtí 2. Kí n tó fò rárá, ẹ̀tọ́ mi ti lọ. Torí náà, ẹ ka òfin ìsọ̀ náà dáadáa, kí ẹ sì má ṣí simulator náà títí iná, dátà àti àyè tó wà lórí disk yóò fi pé. Bí ẹ bá lè wọn ẹ̀rọ yín ṣáájú, ẹ ò ní nílò òfin kankan.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé lórí láptọ́ọ̀pù kan náà, FlightGear ń balẹ̀ dáadáa. Ìdí wà fún un. Nínú FlightGear, ètò ìṣirò kan tó ń jẹ́ JSBSim ló ń ṣírò bí bàlúù kékeré Cessna 172P ṣe ń fò, ìgbà 120 ló sì ń ṣírò rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ì báà jẹ́ àwòrán 60 ló ń jáde, ì báà jẹ́ 15. Bí ojú bá tiẹ̀ ń fà, afẹ́fẹ́ abẹ́ ìyẹ́ kò fà. X-Plane, simulator kan tí wọ́n ń tà, yàtọ̀: ó so ìṣirò rẹ̀ mọ́ frame. Bí frame bá wálẹ̀ ju nǹkan bí 20 lọ, kó má baà ṣírò àṣìṣe, ó máa ń fa aago inú rẹ̀ sẹ́yìn ni. Ìṣẹ́jú kan inú bàlúù á wá gùn ju ìṣẹ́jú kan ara ògiri lọ. Ẹni tó ń dá fò nílé lè má fura. Àmọ́ bí ẹ bá wà lórí VATSIM, níbi tí àwọn èèyàn ti ń fò pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹlòmíràn ń tẹ̀lé yín bọ̀ wá balẹ̀, bàlúù yín á máa fà lójú wọn bí ìgbín, ẹni tó ń darí ìrìnnà bàlúù láti ilẹ̀ á sì máa bi yín ní ìbéèrè tí ẹ ò ní ìdáhùn sí.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé torí owó ni mo ṣe ń gbè sẹ́yìn ọ̀fẹ́. Mo mọ ohun tí wọ́n ń tà. X-Plane máa ń gé ìyẹ́ bàlúù sí wẹ́wẹ́, á ṣírò agbára afẹ́fẹ́ lórí ègé kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyí tí bàlúù rẹ̀ fi ń gbọ̀n rìrì bó ṣe yẹ nínú ìjì. Orí rẹ̀ ni 737-800 tí à ń pè ní Zibo wà, ọ̀fẹ́ ni, ó sì jinlẹ̀ ju ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lọ. Microsoft Flight Simulator ní tiẹ̀ ń lo àwòrán Bing tí wọ́n yà láti òkè, A32NX (Airbus A320neo) tí FlyByWire ṣe fún un náà, ọ̀fẹ́ ni. Ohun gidi ni gbogbo wọn. Ẹ̀rọ tó lè gbé wọn dé ilẹ̀ láyọ̀ ni ìbéèrè.

Bí ẹ ṣe máa wọn ọ́n rèé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí FlightGear tó wà nílẹ̀. Nínú Settings launcher rẹ̀, ẹ kọ èyí sínú àpótí Additional Settings: --prop:bool:/sim/rendering/fps-display=1. Iye frame á jáde sí ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ yan pápákọ̀ òfurufú tí ilé àti igi ti pọ̀, ìrọ̀lẹ́, ìkùukùu tó nípọn, kí ẹ sì máa balẹ̀ léraléra. Bí FlightGear fúnra rẹ̀ ò bá lè dúró sí 30 níbẹ̀, ẹ má tíì náwó kankan.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba demo X-Plane 12. Ọ̀fẹ́ ni, agbègbè kékeré kan ní Amẹ́ríkà ló mọ sí, ó sì ní gbèdéke àkókò, ṣùgbọ́n ó tó láti rí òótọ́. Ẹ lọ sí Settings, Data Output, ẹ fi àmì sí ìlà 0, ìyẹn Frame rate, kí ó máa hàn nínú cockpit. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò: f-act, èyí tó jẹ́ iye frame gan-an, cpu time (àkókò tí processor ń lò), àti gpu time (ti graphics card). Bí gpu time bá gùn ju cpu time lọ, graphics card ló ń fà yín sẹ́yìn, ẹ lè dín Texture Quality, òjìji àti ìkùukùu kù. Bí cpu time ló bá gùn, ẹ dín iye ilé àti igi kù. Ẹni tó wà ní London tàbí Houston tó ní PC Game Pass (owó oṣooṣù tí wọ́n fi ń gba géèmù Microsoft lò) lè dán Microsoft Flight Simulator wò fún oṣù kan kó tó rà á. Nínú Developer Mode rẹ̀, Display FPS á kọ ọ́ síbẹ̀ kedere bóyá MainThread (iṣẹ́ processor) ló ń dí i lọ́wọ́ tàbí GPU.

Ẹ má wọn ọ́n fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ ní ó ti tó. Ìṣẹ́jú 40 ni mo máa ń sọ. Láptọ́ọ̀pù tó tutù máa ń ṣèlérí tí kò ní mú ṣẹ. Bó bá ti gbóná tán, á dín agbára ara rẹ̀ kù kó má baà jóná, ìgbà tó sì máa ń gbóná tán ni ìgbà tí ẹ ti fò láti Ìbàdàn tí ẹ ń bọ̀ wá balẹ̀ ní Èkó. Ibẹ̀ náà ni ilé ti pọ̀ jù. Wàhálà méjèèjì á pàdé ní ẹsẹ̀ bàtà 200. Ẹ gbé ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù sókè kí fáànù rí afẹ́fẹ́ fà, kí ẹ sì so ó mọ́ iná mànàmáná: bó bá jẹ́ bátìrì ló ń lò, graphics card rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ tán. Nígbà ọyẹ́, ẹ fọn eruku inú fáànù jáde kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Láptọ́ọ̀pù tó ní graphics card méjì, ti Intel àti ti NVIDIA, lè máa fi ti Intel ṣí simulator láìsọ fún yín. Ní Windows, ẹ lọ sí Settings, System, Display, Graphics, ẹ fi simulator náà kún un, kí ẹ yan High performance. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Task Manager, Performance, GPU, kí ẹ wo Dedicated GPU memory (VRAM, ìrántí graphics card) nígbà tí ẹ bá ń balẹ̀. Bó bá ti kún dé ẹnu, ohun tí ẹ ó rí ni kí ilẹ̀ máa ṣe bàìbàì, tàbí kí àwòrán máa dúró kó tún máa fò. Kò sí RAM tí ẹ lè rà tí yóò fẹ VRAM graphics card lójú. Àmọ́ bó bá jẹ́ ti Intel nìkan ni ẹ̀rọ yín ní, tó sì jẹ́ RAM 8 GB kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ẹ fi èkejì tó bá a mu sí i. Méjì tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ máa ń yá ju ẹyọ kan lọ, torí inú RAM yẹn ni graphics Intel ti ń jẹun.

Ọ̀rọ̀ dátà ò gùn. Microsoft Flight Simulator 2024 fẹ́ àyè 50 GB, RAM 16 GB ó kéré tán, àti íntánẹ́ẹ̀tì 10 Mbps, torí bí ẹ ṣe ń fò ló ṣe ń fa ilẹ̀ wọlé. Ti 2020 fẹ́ àyè 150 GB. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá já lọ́nà, ilẹ̀ tó lẹ́wà yẹn á di ilẹ̀ lásán. X-Plane rọrùn fún wa níhìn-ín: máàpù ni installer rẹ̀ á fi hàn yín, ẹ ó sì mú ibi tí ẹ fẹ́ nìkan. Nínú fáìlì ilẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n fi látítíúdì àti lọ́ńgítíúdì sọ lórúkọ, Èkó wà nínú +06+003, Ìbàdàn nínú +07+003, Ìlọrin nínú +08+004. Bó bá ti wọlé tán, kò bèèrè dátà ilẹ̀ lọ́wọ́ yín mọ́. TerraSync, tó ń fa ilẹ̀ wọlé fún FlightGear, náà máa ń fi ilẹ̀ tí ẹ ti fò kọjá pamọ́.

Bí owó bá wà tí ọwọ́ ń yún yín, joystick ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, èyí tó ṣeé yí lọ́rùn fún rudder (ìdarí ìrù bàlúù). Á bá yín lọ síbikíbi, simulator yòówù kí ẹ padà yàn. Bàlúù tí ẹ rà fún ọ̀kan ò lè wọ òmíràn, owó rẹ̀ á kú síbi tí ẹ fi sílẹ̀. Kí ẹ sì tó ní Cessna ọ̀fẹ́ yẹn ti sú yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín bóyá ẹ ti lò ó tán. Ẹ máa tú okùn rẹ̀, ẹ yọ ìdènà táyà, ẹ ṣí ìbòrí pitot (ọ̀pá tó ń wọn ìyára), ẹ wo epo bóyá omi wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ń tẹ Autostart, tó ń tan ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀, tí à ń pariwo pé FlightGear kò jinlẹ̀.

Ní tèmi, mo ti fi RAM kejì sí i, mo dín òjìji àti ìkùukùu kù, mo fọ fáànù, mo sì padà sórí FlightGear fún ìkọ́ṣẹ́ ojoojúmọ́. Èyí tí mo sanwó fún ṣì wà lórí disk. Lánàá, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40, ní 18R, ní ẹsẹ̀ bàtà 200, frame 24 ló fún mi. Ó ku 6 kó pé 30.