Àyẹ̀wò Ọdún: Láti Ifásitì dé Sẹkitéríàtì

Èkìtì Kete, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí: mímú àwọn olùṣèwádìí ilé ẹ̀kọ́ gíga wa pàdé àwọn tó ń ṣòfin àti àwọn tó ń ṣètò ìlú. Òun ló gba agbára mi jù lọ́dún yìí, òun náà ló sì wù mí jù.

Ọ̀nà tó wà láàárín àwọn méjèèjì ò jìn. Ifásitì ìpínlẹ̀ wa ti wà láti 1982. ABUAD, ifásitì Afẹ́ Babalọlá, dé ní 2009, ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yẹ́ dé ní 2011. BOUESTI, ifásitì ẹ̀kọ́ olùkọ́ àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, wà ní Ìkẹ́rẹ́, Pólì wà ní Adó níbí. Ìjọba ìbílẹ̀ 16 péré ló gba gbogbo wọn mọ́ra. Síbẹ̀, ènìyàn á fi ọdún mẹ́ta ṣèwádìí lórí omi tàbí lórí ẹ̀gẹ́, ẹni tó ń kọ ètò omi àti ètò oko sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ò ní gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe irú rẹ̀. Ó ń dùn mí gan-an ni.

Ọ̀pọ̀ ń sọ pé ìgbéraga ló fà á. N ò gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́kitúrà tó bá kọ̀wé sínú jọ́nà ni wọ́n ń gbé ga. Ìwé ojú ewé méjì tó kọ fún dáírẹ́ktọ̀ ò fi nǹkan kan kún ìgbéga rẹ̀. Dáírẹ́ktọ̀ náà ní fáìlì rẹpẹtẹ lórí tábìlì, wọ́n sì lè gbé e lọ sí ọ́fíìsì mìíràn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ àwọn olùṣèwádìí pé kí wọ́n má fi gbogbo ìrètí wọn sọ́dọ̀ kọmíṣánà. Ẹ wá àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ fáìlì, ẹ jẹ́ kí ó tó méjì tó mọ ọ̀rọ̀ náà, kí ìkan lè wà níbẹ̀ bí wọ́n bá gbé èkejì kúrò.

Ìjókòó kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Lẹ́kitúrà kan ti yẹ omi kànga wò káàkiri Adó, ó gbé àbájáde rẹ̀ wá fún màmá kan tó ń bójú tó àṣẹ ilé kíkọ́. Kòkòrò E. coli, tó ń fi hàn pé ìgbẹ́ ti wọ inú omi, wà nínú omi náà, bẹ́ẹ̀ ìlànà omi mímu Nàìjíríà ti 2007 sọ pé kò gbọdọ̀ sí rárá. Ìmọ̀ràn lẹ́kitúrà náà, Prof, ni pé kí ìjọba pàṣẹ kí kànga jìnnà sí sálańgá àti sókàwéè ní mítà 30. Màmá fa bírò yọ, wọ́n ya púlọ́ọ̀tì kan sẹ́yìn àpò ìwé, wọ́n kọ 50 sí ẹ̀gbẹ́ kan, 100 sí ìkejì.

“Prof, ẹ dákun, ẹ wò ó. Ẹsẹ̀ bàtà 100 ni gbogbo gígùn ilẹ̀ náà. Ó fi díẹ̀ lé ní mítà 30. Ibo ni kí wọ́n gbẹ́ kànga sí? Sókàwéè ti aládùúgbò wọn ńkọ́?”

Prof wo àwòrán náà títí. Wọ́n wá ní, “Mà, ohun tó ṣeé ṣe wà. Kí wọ́n fi ríìǹgì kọnkéré gbé ẹnu kànga sókè, kí wọ́n bò ó, kí pílánù ilé sì máa fi sókàwéè aládùúgbò hàn.” Gbogbo rẹ̀ ti wà nínú ìwádìí wọn, ó kàn jẹ́ pé ẹ̀yìn pátápátá ló wà. Láàárín wákàtí kan, ìbéèrè ọ́fíìsì ti fa ohun tó wúlò jù lọ jáde.

Ohun tó gbé mi lọ́kàn jù nìyẹn. Ìbéèrè láti ọ́fíìsì ló yẹ kó ṣáájú, kó sì ṣáájú lásìkò. Nílé ìjọba, January 1 ni ọdún ìnáwó ń bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún ni wọ́n ti máa ń ní kí àwọn ẹ̀ka ìjọba kọ ohun tí wọ́n fẹ́ wá. Ẹni tó bá gbé ìwádìí rẹ̀ dé ní oṣù Kejìlá, wọ́n ti gún iyán, wọ́n ti bù ú tán.

Ṣíṣe òfin pẹ̀lú ní ìgbà tirẹ̀. Òfin wa tó ta ko ìwà ipá nítorí akọ tàbí abo jáde ní 2011, wọ́n tún un ṣe ní 2019. Ọdún mẹ́jọ tó wà láàárín yẹn ni àwọn olùṣèwádìí lè fi tẹ̀lé bí wọ́n ṣe ń lò ó ní kóòtù àti ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá.

Ní Ìlú Ọba, ilé aṣòfin ti ní ọ́fíìsì kan, POST, láti 1989, tó ń kó ohun tí ìwádìí sọ jọ sí nǹkan bí ojú ewé mẹ́rin fún àwọn aṣòfin, láì gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ kankan. Aṣòfin 26 ni tiwa. Èèyàn méjì tó mọ ìwé kà dáadáa lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún wọn, mo sì gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé owó rẹ̀ ò ní wọ́n.

Ní oṣù Kìíní, màá bẹ̀rẹ̀ sí gba ìbéèrè lọ́wọ́ àwọn dáírẹ́ktọ̀: omi, ọ̀nà oko, ìlera alábọ́dé. Màá kó wọn lọ sí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mástà tó yan àkòrí. Bí o bá wà ní ifásitì, tàbí tí o bá ń ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì, tí ìbéèrè kan ti ń jẹ ọ́ lọ́kàn tipẹ́, jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ sí mi kí oṣù Kejì tó parí.