Àkójọ aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ lórí cluster ilé: ìdí tí kò fi ṣí

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, Ìjẹ̀bú-Òde

Ètò kékeré tí mo fi Flask (irinṣẹ́ Python fún kíkọ ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù) kọ, láti kó àwòrán aṣọ Ojúde Ọba jọ ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra) àti ní ọdún-ọdún, ti ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi tipẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ yìí ni mo dì í sínú container (àpótí tí ó kó ètò àti ohun tí ó nílò pọ̀), tí mo sì gbé e sórí cluster Kubernetes (ètò tí ń darí àwọn container) tí mo fi kind, irinṣẹ́ tí ń fi Docker ṣe cluster, dá sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kan náà, nítorí mo fẹ́ mọ iṣẹ́ náà dé gbòǹgbò. Pod náà, ìyẹn ilé tí container ń gbé nínú Kubernetes, ń ṣiṣẹ́, 1/1: container kan ṣoṣo tí ó wà nínú rẹ̀ ti ṣe tán. Síbẹ̀, nígbà tí mo fi curl (irinṣẹ́ tí ń béèrè ojú ìwé) kan Service rẹ̀, ẹnu ọ̀nà tí àwọn mìíràn ń gbà dé ọ̀dọ̀ pod, láti inú pod mìíràn, "connection refused" (a kọ ìsopọ̀ náà) ni èsì.

Ohun tí ó rú mi lójú ni pé nígbà tí mo lo kubectl port-forward, àṣẹ tí ń so kọ̀ǹpútà mi mọ́ pod náà, ojú ìwé náà ṣí wẹ́rẹ́, aṣọ àwọn Gbọ́baníyì, ọ̀kan nínú àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ náà, sì yọ lójú búráúsà. Mo wá gbà pé ara ètò náà dá ṣáṣá, pé Service nìkan ni ó ní àbùkù.

Ọjọ́ Ẹtì

Mo wo endpoints Service náà, ìyẹn àkọsílẹ̀ àdírẹ́sì àwọn pod tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sí àdírẹ́sì kankan níbẹ̀. Label, àmì tí a lẹ̀ mọ́ pod, ni Service fi ń dá pod mọ̀. Ohun tí mo kọ sínú fáìlì Service ni app: regbe, app: regberegbe sì ni pod ń jẹ́. Kubernetes kì í ka irú èyí sí àṣìṣe, kò sì kìlọ̀ fún mi. Mo tún un kọ, àdírẹ́sì pod náà sì hàn pẹ̀lú port (nọ́ńbà ilẹ̀kùn) 5000. Mo tún fi curl kàn án: "connection refused" kan náà, lẹ́tà kan kò yẹ̀.

Ibí ni mo ti pàdánù wákàtí mẹ́ta, nítorí mo rò pé àtúnṣe mi kò tíì wọlé. Ó ti wọlé. Bí Service kò bá ní pod kankan lẹ́yìn, kube-proxy, apá Kubernetes tí ń darí ìbéèrè Service, tí ó ń lo iptables (òfin ìsopọ̀ Linux) yóò kọ ìbéèrè náà padà. Bí pod bá wà, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò tẹ́tí sí port náà, pod fúnra rẹ̀ ni yóò kọ̀ ọ́. Àbùkù méjì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lójú ẹni tí ń kanlẹ̀kùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Iná dé lọ́sàn-án. Mo fi Service sílẹ̀, mo kan àdírẹ́sì pod tààrà, ó kọ̀ mí bákan náà. Image mi, ohun tí a fi ń dá container sílẹ̀, kò ní ss (irinṣẹ́ tí ń fi port tí ètò ń tẹ́tí sí hàn), nítorí náà mo wọ inú pod, mo sì ka /proc/net/tcp, fáìlì tí Linux ti ń fi ìsopọ̀ hàn. Ìlà kan ṣoṣo ni ó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ wa: 0100007F:1388. Ìṣirò oní-mẹ́rìndínlógún ni a fi kọ ọ́: ẹ ka apá àkọ́kọ́ ní méjì-méjì láti ẹ̀yìn wá, 7F ni 127, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 127.0.0.1, àdírẹ́sì tí ẹ̀rọ fi ń pe ara rẹ̀; 1388 sì ni 5000. Ara rẹ̀ nìkan ni ètò náà ń dá lóhùn! Bẹ́ẹ̀ ni Flask máa ń ṣe bí a kò bá sọ ohun mìíràn fún un. Inú pod gan-an ni port-forward sì ti ń kanlẹ̀kùn, ìdí nìyẹn tí ó fi ṣí fún mi.

Mo fi 0.0.0.0 (gbogbo àdírẹ́sì ẹ̀rọ náà) ṣe host, àdírẹ́sì tí Flask ń tẹ́tí sí, mo kọ́ image tuntun pẹ̀lú tag (orúkọ ẹ̀yà) tuntun, mo fi kind load kó o wọ inú cluster. Ìlà náà di 00000000:1388, curl sì mú 200 wá, èsì tí ó sọ pé ó yọrí.

Ọjọ́ Àìkú

Ó kù kí fóònù ilé rí i. Container Docker ni node (ẹ̀rọ inú cluster) kind, nítorí náà NodePort 30080, port tí Service ṣí lórí node, kò yọ síta fúnra rẹ̀. Mo ní láti pa cluster náà rẹ́, kí n tún un dá pẹ̀lú extraPortMappings, ètò tí ń so port kọ̀ǹpútà mọ́ ti node, kí port 8080 kọ̀ǹpútà lè já sí 30080. Màámi ṣí i lórí Wi-Fi ilé, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Léèsì yìí kì í ṣe ti ọdún tí o kọ síbẹ̀ o." Àwọn ọdún ni mo máa yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwòrán kan lẹ́yìn èkejì, pẹ̀lú wọn.