Ó Wà Nínú Omi, Bàbá

Ọjọ́ Ẹtì, alẹ́.

Agogo mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni álàátì wọlé: ₦20,000. Ẹ̀gbẹ́ títì ni mo wà ní Òkè-Àdó, mo dúró gbagidi, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Owó náà kò pọ̀ lọ títí. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ló dá mi dúró: "owó ìwé eré". Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pa àwọn ará ilé àti ọ̀rẹ́ lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òní ni ẹnìkan kọ́kọ́ sanwó ọ̀rọ̀ tí mo jókòó kọ.

Aláwàdà orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀gá tó gbéṣẹ́ fún mi. Fọ́nrán mẹ́ta ló ń gbé jáde lọ́sẹ̀. Ta ni ọpọlọ rẹ̀ kò ní gbẹ? Ibi tí iṣẹ́ àwa tí a ń kọ ìwé eré ti wọlé nìyẹn. Láyé eré alárìnjò, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í lo ìwé. Ọ̀gá á sọ bí ìtàn ṣe lọ, kálukú á wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i lórí ìtàgé, bí èrò bá rẹ́rìn-ín síbì kan lónìí, wọ́n á tún un ṣe níbẹ̀ lọ́la. Àwa tí a ń kọ fún fóònù kò ní èrò níwájú wa. Ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ti jinná kí wọ́n tó tan kámẹ́rà.

Àbá mẹ́wàá, ìlà kọ̀ọ̀kan, ni ọ̀gá kọ́kọ́ ní kí n kọ wá. Ó mú ẹyọ kan. Èmi ni mo ní kí a fẹnu kò lórí iye kí n tó fi ìwé ránṣẹ́, torí mo fi eré márùn-ún ránṣẹ́ sí ẹnìkan lésìí, kò fèsì, mo wá rí méjì nínú wọn lójú fóònù ọ̀rẹ́ mi. Ó dùn mí wọ egungun. Bàbá Sàlá ni mo rántí, Moses Ọláìyá, àgbà aláwàdà, tó ná owó ńlá sórí fíìmù ní 1982, tí àwọn oníjìbìtì ṣe àdàkọ rẹ̀ tà, tó jẹ́ pé gbèsè ló kù sí i lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n ti àárọ̀ òní gan-an ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀. Nínú eré tí wọ́n ń yà, bàbá onílé wá gba owó ilé lọ́wọ́ aláàkàrà. Ìdáhùn tí mo kọ fún obìnrin náà rèé: "Bàbá, mo ti fi owó ilé yín ra ẹ̀wà, mo sì ti rẹ ẹ̀wà náà sínú omi láti àná." Ó dáa lójú mi nígbà tí mo kọ ọ́. Màmá tó ń ṣe aláàkàrà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ọmọ mi, o ti sọ gbogbo ẹ̀ tán. Kí ló wá kù tí bàbá yẹn máa bi mí?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo lẹ ṣe máa sọ ọ́, tó bá jẹ́ ẹ̀yin?"

Kò dá mi lóhùn. Ó kọjú sí bàbá onílé.

"Owó ilé mi dà?"

"Ó wà nínú omi, Bàbá."

"Inú omi kẹ̀?"

Màmá rọra ṣí ìdérí abọ́ ńlá tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó bu ẹ̀wà lọ́wọ́ kan, omi ń kán tótó. "Àná ni mo ti rẹ ẹ́. Ó ti wú dáadáa."

Ẹni tó di kámẹ́rà mú ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní láti tún un yà.

Èmi ni mo ni ìtàn náà, àmọ́ màmá ló mọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti gé e. Àárín gbólóhùn ni mo sin ẹ̀rín sí, tí mo tún fi àlàyé bò ó mọ́lẹ̀. Ojú ara mi ni mo ti ń kọ̀wé fún látọjọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ẹnu ẹlòmíì ni ọ̀rọ̀ náà máa gbà jáde.

Ọ̀gá fẹ́ méjì mìíràn ní ọjọ́ Ajé, màmá yìí sì wà nínú ọ̀kan. Mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí n tó jẹun alẹ́. Gbogbo ìlà tí mo bá kọ, mo ń kà á sókè bí òun ṣe máa sọ ọ́.