Ọjọ́ tí dókítà gbọ́ pé lọ́yà lọkọ mi

Ẹ̀yin aláboyún, ẹ wá gbọ́ tèmi. Oyún mi kejì ni, 2022, ọsibítù aládàáni kan níbí n'Ìbàdàn là ń lò, lápá Bódìjà. Dókítà yẹn, èèyàn dáadáa, a jọ máa ń ṣàwàdà, tí mo bá bi wọ́n ní nǹkan wọ́n á dá mi lóhùn ní tààrà. Àfìgbà tí ọkọ mi tẹ̀lé mi lọ lọ́jọ́ kan, a jókòó bíi wákàtí mẹ́ta kò sẹ́ni tó pè wá, inú bí i, ló bá ní "Lọ́yà ni mí o, mo mọ ibi tí màá gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ." Háà. Mo rí bí ojú dókítà ṣe yí padà.

Látọjọ́ yẹn, síkáànù tí mo ti ṣe lẹ́ẹ̀kan péré di ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ₦8,000 lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ sì rèé, lẹ́ẹ̀kan ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, dámọ̀ràn ẹ̀ ní 2016, kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24. Gbogbo ìdáhùn di "a ò lè sọ" àti "ẹ sáìnì síbí". Mo sáìnì títí, mi ò ka ìkankan. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn lọkọ mi wá ń sọ pé fọ́ọ̀mù tí mo sáìnì ò ní kí dókítà má jẹ́jọ́ tó bá ṣe àìbìkítà. Òun náà ò kà á o, lọ́yà!

Ó di ọ̀sẹ̀ 38, síkáànù ní ọmọ ti tó 4.1 kílò, wọ́n ní CS, ìyẹn kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ jáde, ló dáa. Mi ò ní ṣúgà, BP mi 110/70, àkọ́bí mi sì rèé, fúnra mi ni mo bí i. Mátírọ́ọ̀nù fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra ní, "Ìyá Tòmíwá, ẹ má bínú sí wọn. Àwọn kan ti fẹjọ́ dókítà sùn rí ní MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà àwọn dókítà, dókítà lọ Àbújá títí ó sú wọn. Ẹni ejò bá ti ṣán rí, tó bá rí ekòló, á sá."

Ó wá yé mi. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọkọ mi ni wọ́n ń tọ́jú látọjọ́ yẹn, oyún mi kọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Maryland kàn rẹ́rìn-ín ni, ó ní ojoojúmọ́ ni tiwọn. Ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà agbẹ̀bí wà lára àwọn tí owó inṣọ́ránsì wọn wọ́n jù nítorí kóòtù. Tó o bá ti ń rọbí, wọ́n sábà máa ń so ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn ọmọ mọ́ ẹ níkùn títí wàá fi bí, torí bébà tó ń jáde níbẹ̀, ẹ̀rí ni níwájú adájọ́, bẹ́ẹ̀ ìwádìí ti fi hàn pé fún ẹni tí kò ní wàhálà, CS ló ń jẹ́ kó pọ̀ sí i, cerebral palsy, àìsàn ọpọlọ tí kì í jẹ́ kọ́mọ lè darí ara rẹ̀ dáadáa, ò tìtorí ẹ̀ dín kù. Nínú obìnrin 100 tó bímọ níbẹ̀, bíi 32 ló ń ṣe CS.

Èmi nìkan ni mo padà lọ bá dókítà. Mo kọ́kọ́ tọrọ àforíjì fún ọ̀rọ̀ ọkọ mi, mo wá ní, "Dókítà, ẹ dákun, kí lẹ rí lára èmi gangan, yàtọ̀ sí síkáànù yẹn?" Wọ́n ṣí káàdì mi, wọ́n wò ó títí, wọ́n tún pa á dé. Wọ́n ní kò sí nǹkan míì, pé síkáànù lè fi bíi ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ṣì í tí oyún bá ti dàgbà. Wọ́n kọ lẹ́tà fún mi lọ sí ti ìjọba, wọ́n yẹ̀ mí wò níbẹ̀, wọ́n ní ká dúró. Fúnra mi ni mo bí i, 3.6 kílò.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ọ̀rẹ́ mi kan, BP ẹ̀ gun 170/110 ní ọ̀sẹ̀ 35, CS ló yọ òun àtọmọ. Ìyẹn ò ní ẹjọ́ nínú, ẹ gbà kíákíá. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní ẹ sáìnì, ẹ kà á. Tínú bá sì ń bí yín nítorí ìdúró, mátírọ́ọ̀nù ni kẹ́ ẹ bá sọ ọ́, ẹ má fi kóòtù dẹ́rù ba ẹni tó máa gbẹ̀bí yín.

Oyún kẹta ti dé báyìí. Nọ́ọ̀sì bèèrè iṣẹ́ bàbá ọmọ kó fi kọ káàdì, mi ò tíì lanu, ọkọ mi ti dáhùn: "Bísínẹ́ẹ̀sì."