Àwọn Hutterite: kò sẹ́ni tó ní owó tara ẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kúbwá níbí tí lánlọ́ọ̀dù ń fi rẹ́ǹtì dààmú, ṣé ẹ lè gbà kí gbogbo owó yín máa wọ àpò ìjọ, kí ìjọ wá fún yín nílé, oúnjẹ àti aṣọ? Bí àwọn Hutterite, ìjọ Kristẹni kan, ṣe ń gbé ní Kánádà àti Amẹ́ríkà nìyẹn o. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 2, níbi tí àwọn onígbàgbọ́ ti jọ ní ohun gbogbo, ni wọ́n dì mú, ọdún 1528 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Jakob Hutter tí wọ́n ń jórúkọ mọ́, wọ́n dáná sun ún ní ìlú Innsbruck ní Austria lọ́dún 1536. Àgbàlagbà ni wọ́n ń rì bọmi, wọn kì í jagun, àmọ́ tírákítà ńlá ni wọ́n fi ń dáko, ẹ má pè wọ́n ní Amish, àwọn Kristẹni tó ń sá fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé.

Àwọn tó wá yà mí lẹ́nu ni àwọn tó dá dúró, tí wọn ò sí lábẹ́ ìkankan nínú ẹ̀ka mẹ́ta tí àwọn Hutterite pín sí. Àwọn kan nínú wọn ní bíbí tí wọ́n bí ẹ sílé Hutterite kọ́ ni ìgbàlà, ìwọ fúnra ẹ gbọ́dọ̀ ronú pìwà dà.

Mummy Tọ́pẹ́ ní, "Bọ̀dá, ọ̀lẹ á pọ̀ níbẹ̀ jọ̀ọ́." Mo ní mà, ẹ rántí Ayétòrò ní Ìlàjẹ, láti 1947, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń ná an, ìlú ọ̀hún sì gòkè gan-an nígbà yẹn.

Èmi o, owó yẹn ò bà mí lẹ́rù tó yàrá ìjẹun tí gbogbo àwọn Hutterite ti jọ ń jẹun, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kan, lójoojúmọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n jẹ àmàlà mi nílé.