Òtútù lọjà tó wà lórí òkè

Ẹni tó bá kó lọ sí ìlú kékeré orí òkè, tó ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà lòun máa ṣe níbẹ̀, gbèsè ló ń wá. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣòwò nírú ìlú bẹ́ẹ̀, òtútù gan-an ni mo rí pé a ń tà.

Béèyàn bá fi 1,000 mítà gòkè, afẹ́fẹ́ á fi nǹkan bíi dígíríì 6 tutù sí i. Ẹ̀gẹ́ kì í fẹ́ràn ibẹ̀, àgbàdo á pẹ́ kó tó gbó, ṣùgbọ́n pòtétò, kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì á máa ṣe dáadáa. Gbogbo ìlú ló kúkú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà ìkórè, pòtétò á kún ọjà lẹ́ẹ̀kan náà, iye tó bá wu alájàpá tó gbé ọkọ̀ wá ni yóò dá lé e.

Irúgbìn pòtétò, ìyẹn pòtétò tí wọ́n ń gbìn, ni kí ẹ wò. Kòkòrò wíńwíń tó ń fa omi ewé mu, tó sì ń gbé fáírọ́ọ̀sì kiri oko, kì í pọ̀ níbi tó tutù. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, bí àgbẹ̀ bá ń tún tirẹ̀ gbìn léraléra, àrùn á máa pọ̀ sí i nínú rẹ̀, ìkórè á máa dín kù. Ohun tó ń gbé àwọn àgbẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ gòkè wá ra irúgbìn lọ́wọ́ wa nìyẹn.

Pòtétò tí ẹ máa jẹ, inú òkùnkùn ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí; ìmọ́lẹ̀ á sọ ọ́ di aláwọ̀ ewé, májèlé á sì wà nínú rẹ̀. Èyí tí ẹ máa gbìn, ẹ tẹ́ ẹ sórí pẹpẹ níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé láìsí oòrùn, kí èéhù rẹ̀ lè kúrú, kó sì nípọn.

Tí ẹ bá ń gba ilẹ̀, ẹ má tìtorí pé ìsàlẹ̀ àfonífojì tẹ́jú kí ẹ sáré sanwó. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo, ibẹ̀ ló ń ṣàn lọ lóru. Ìrì dídì á jó ewé níbẹ̀ nígbà tí ti ẹ̀gbẹ́ òkè ṣì tutù yọ̀yọ̀. Àwọn ìyá tó ń gbin ẹ̀fọ́ ni kí ẹ bi, wọ́n mọ̀ ọ́n ju alágbàtà ilẹ̀ lọ.

Àwìn kò ṣeé sá fún. Olùkọ́ á ní kí oṣù parí, àgbẹ̀ á ní kóun wa pòtétò tán. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹni tó gbà á, ẹ má sì pariwo gbèsè lọ́jà, torí àna onígbèsè lè máa ta iyọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ajílẹ̀ ńkọ́? Ẹ gbé e gòkè kí òjò tó le. Bí ilẹ̀ bá ya dí ọ̀nà, kò sí iye tí ẹ máa pè tí awakọ̀ á gbà.